Òkè Ararati àti Àwọn Ará Àméníà Lẹ́yìn Ogun Ńlá

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí a ń ka orí kẹjọ ìwé Gẹ́nẹ́sísì ní kíláàsì Bíbélì, a dé ibi tí a ti ròyìn pé ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sórí òkè Ararati. Ọmọdékùnrin kan na ọwọ́ sókè, ó sì bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ilẹ̀ ta ni òkè náà wà lónìí?" Èmi kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a lóhùn pé ilẹ̀ Àméníà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé máàpù, mo rí i pé mo ti ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ilẹ̀ Tọ́kì ni òkè náà wà. Ẹni tí ó bá dúró ní Yerevan, tí í ṣe olú-ìlú Àméníà, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i kedere ní ọjọ́ tí ìkùukùu kò bá sí, pẹ̀lú òjò dídì tí ó bo orí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n odò Aras àti ààlà ìjọba méjì wà láàárín òun àti òkè náà. Mo ṣe ìlérí fún ọmọ náà pé èmi yóò wádìí bí ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ju ọ̀rọ̀ òkè lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí àwọn ará Àméníà jẹ́. Àwọn ni ìtàn sọ pé ọba wọn kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi ṣe ẹ̀sìn gbogbo ìlú, nígbà Ọba Tiridates, nípasẹ̀ ìwàásù Gregory tí wọ́n ń pè ní Olùmọ́lẹ̀wá. Ọdún 301 ni àwọn tìkára wọn máa ń dá fún un. Ní nǹkan bí ọdún 405, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mesrop Mashtots ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè wọn, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Àwa tí a rí bí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe làálàá lórí Bíbélì Yorùbá, a lè mọ ohun tí èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ọba wọn lọ, ilẹ̀ wọn bọ́ sábẹ́ àwọn ará Páṣíà, àwọn Lárúbáwá, àwọn Tọ́kì àti àwọn ará Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ìwé àti ìjọ wọn kò lọ. Olórí àgbà ìjọ náà ni wọ́n ń pè ní Katolikosi, ìlú Echmiadzin ni ó sì fi ṣe ibùjókòó.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni a pín wọn sí. Apá kan wà lábẹ́ Olú-ọba Rọ́ṣíà. Apá tí ó pọ̀ jù, bíi 1,500,000 sí 2,000,000 ènìyàn, wà lábẹ́ Súlítánì Tọ́kì. Àwọn ti ọ̀dọ̀ Súlítánì ti mọ ìyà tipẹ́. Láti 1894 títí dé 1896, nígbà Súlítánì Abdul Hamid, a pa ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn. A tún pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní Adana ní 1909. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dé ní 1915 kò ní àfiwé.

Ìjọba Tọ́kì ti wọ Ogun Ńlá lọ́dọ̀ Jámánì, àwọn ará Rọ́ṣíà sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Sarikamish ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Àwọn tí ń ṣàkóso ní Constantinople, tí à ń pè ní Istanbul nísinsìnyí, di ẹ̀bi rù àwọn ará Àméníà, wọ́n ní ọ̀tá inú ilé ni wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1915, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn akọ̀wé-ìròyìn, àwọn àlùfáà àti àwọn olórí wọn ní olú-ìlú. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wálé mọ́. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ jáde pé kí a kó gbogbo wọn kúrò ní ìlú àti abúlé wọn. A sábà máa ń ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, a ó sì pa wọ́n. Àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ni a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí aṣálẹ̀ Síríà, níhà Deir ez-Zor, láìsí omi, láìsí oúnjẹ, tí àwọn ọlọ́ṣà ń já wọn gbà lójú ọ̀nà. A ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ó kú kò dín ní 600,000, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì sọ pé ó tó 1,000,000 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 1,500,000. Lónìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí Amẹ́ríkà wà nínú wọn, pè é ní ìpa-ẹ̀yà-run. Ìjọba Tọ́kì gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kú láìjà. Àwọn ará Van di ìlú wọn mú títí àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà fi dé. Ní òkè Musa Dagh, létí òkun, àwọn ará abúlé mélòó kan gun orí òkè lọ, wọ́n sì jà níbẹ̀ títí ọkọ̀ ogun Faransé fi rí aṣọ funfun tí wọ́n ta sókè pẹ̀lú àmì àgbélébùú pupa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915, ó lé ní 4,000 ènìyàn tí àwọn ọkọ̀ náà kó lọ sí Port Said ní ilẹ̀ Íjíbítì.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ òmìnira ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀, nítorí ó ṣe àjèjì. Àwọn ará Àméníà kò dìde ní ọjọ́ kan kí wọ́n wí pé, "Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gba òmìnira." Òmìnira já lù wọ́n ni, bí òrùlé ti ń já lu ẹni tí ó sùn. Nígbà tí ìyípadà ìjọba dé ní Rọ́ṣíà ní 1917, àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Ojú ogun tí ó gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì ṣófo; ìwọ̀nba àwọn ará Àméníà díẹ̀ ni ó kù láti ṣọ́ ọ. Àwọn Bolshevik sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brest-Litovsk ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1918, nínú èyí tí wọ́n fi Kars, Ardahan àti Batum sílẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Àwọn Tọ́kì gba Erzurum padà, wọ́n wọ Kars ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì gba Alexandropol ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Kò kù ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ararati lọ, níbi tí Yerevan àti Echmiadzin wà, tí àwọn asásàálà láti ọ̀dọ̀ Súlítánì sì kún bí eṣú.

Ní ìlú Yerevan nígbà náà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aram Manukian. Kì í ṣe ọ̀gágun. Ó ti wà lára àwọn tí ó darí ìdáàbòbò ìlú Van ní 1915. Òun ni ó gba ìṣàkóso ìlú, tí ó ń wá àgbàdo àti àlìkámà, tí ó ń pín in, tí ó ń kó àwọn ọkùnrin jọ fún ogun. Wọ́n rọ Katolikosi Gevorg Karùn-ún kí ó fi Echmiadzin sílẹ̀ kí ó lọ sí ibi ààbò. Bàbá arúgbó náà kọ̀, ó ní òun kò ní kúrò. Ó pàṣẹ kí a lu agogo ìjọ káàkiri. Àwọn àlùfáà jáde lọ sí ojú ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun. Bíṣọ́ọ̀bù Garegin Hovsepian wà lára àwọn tí ó dúró níbẹ̀ tí ó ń gbà wọ́n níyànjú. Àgbẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ akọ màlúù kó ohun ìjà, àwọn obìnrin ru omi àti oúnjẹ lọ fún àwọn tí ń jà.

Ní Sardarapat, bíi máìlì 25 sí ìwọ̀-oòrùn Yerevan, ni ogun náà ti dé góńgó. Láti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ-ogun tí Ọ̀gágun Movses Silikian ń darí, tí Daniel Bek-Pirumian sì wà lójú ogun gan-an, kọlu àwọn Tọ́kì, wọ́n sì lé wọn sẹ́yìn. Ní ọ̀nà kejì, ní Bash Abaran, Dro dá wọn dúró. Ní ọ̀nà kẹta, ní Karakilisa, àwọn Tọ́kì ni ó borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà gbà wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò tún lè tẹ̀ síwájú. Bí àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí bá ti ya ní Sardarapat, kò sí ibi tí àwọn asásàálà yóò tún sá sí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó sọ pé bóyá ni ì bá ṣẹ́ ku ará Àméníà kan lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní 1968 a kọ́ ilé ìṣọ́ agogo ńlá kan síbẹ̀ fún ìrántí, pẹ̀lú ère akọ màlúù méjì gàgàrà.

Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Tiflis ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nínú oṣù Kẹrin, àwọn ará Jọ́jíà, ti Azerbaijan àti ti Àméníà ti para pọ̀ ṣe ìjọba kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, Jọ́jíà jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ sábẹ́ ààbò Jámánì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì Azerbaijan náà jáde. Ìgbìmọ̀ àwọn ará Àméníà ṣẹ́ kù sínú ilé tí àwọn yòókù ti kó jáde. Wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ sunkún, nígbà tí ó sì yá wọ́n kéde pé láti ìsinsìnyí lọ, Ìgbìmọ̀ náà ni aláṣẹ kan ṣoṣo lórí àwọn ìgbèríko Àméníà. Ìwé náà jáde ní ọjọ́ 30, ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 ni a kà á sí. Mo ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ tìyanutìyanu: ọ̀rọ̀ náà "òmìnira" kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Wọn kò ní ìgboyà láti pè é lórúkọ. Síbẹ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Batum pẹ̀lú Tọ́kì. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún wọn kò ju bíi 4,500 máìlì onígun mẹ́rin lọ, tí ó kún fún àpáta. Ìjọba tuntun náà, tí Hovhannes Kajaznuni jẹ́ olórí rẹ̀, dé Yerevan ní oṣù Keje. Kò sí owó nínú àpótí, kò sí oúnjẹ nínú àká, àwọn asásàálà tí ó wà lọ́wọ́ wọn sì tó 300,000.

Ogun Ńlá parí ní ìkẹyìn ọdún náà, Tọ́kì sì fi ojú ogun sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn yóò fẹ́ láti sọ pé ìdùnnú dé nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín òtútù ọdún 1918 sí 1919 ni ó burú jù lọ. Àwọn ènìyàn jẹ koríko àti awọ. Ibà tífọ́ọ̀sì, èyí tí iná ara máa ń gbé láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn, wọ gbogbo ilé tí wọ́n há ara wọn mọ́. Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, bíi 200,000 ènìyàn ti kú, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan nínú márùn-ún gbogbo ará ìlú. Aram Manukian tí ó gba Yerevan là, tí ó ti di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ń lọ sí àárín àwọn aláìsàn títí tí ibà náà fi mú òun pẹ̀lú. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1919.

Oúnjẹ tí ó dá ikú dúró ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ àánú, tí ó di Near East Relief lábẹ́ òfin ní 1919, gba owó lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi àti gbogbo ènìyàn. Láti 1915 títí dé 1930 wọ́n rí owó tí ó lé ní 116,000,000 dọ́là, wọ́n sì tọ́ ọmọ òrukàn bíi 132,000. Ní ìgbà yẹn, bí ọmọ Amẹ́ríkà kan bá kọ oúnjẹ, ìyá rẹ̀ yóò wí fún un pé kí ó rántí àwọn ará Àméníà tí ebi ń pa. Ní Alexandropol, àwọn ilé tí a kọ́ fún ọmọ-ogun Rọ́ṣíà di ilé àwọn ọmọ òrukàn, ó sì ní ìgbà kan tí wọ́n lé ní 20,000 níbẹ̀. Àwòrán kan wà tí a yà níbẹ̀, nínú èyí tí àwọn ọmọ náà to ara wọn sórí pápá bí lẹ́tà, kí ẹni tí ó wà lókè lè ka ọ̀rọ̀ ọpẹ́ wọn sí Amẹ́ríkà.

Ohun kan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fiyè sí. Nínú ìyàn yìí náà, wọ́n dìbò yan ilé aṣòfin ní oṣù Kẹfà ọdún 1919. Tọkùnrin tobìnrin ni ó dìbò, obìnrin mẹ́ta sì wọlé láàárín ọgọ́rin aṣòfin, nígbà tí obìnrin Faransé kò tí ì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò rárá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1920, wọ́n ṣí yunifásítì kan ní Alexandropol, ìlú àwọn ọmọ òrukàn yẹn kan náà. Ẹni tí kò jẹun kánú ṣí yunifásítì! Àwọn kan lè pè é ní ìgbéraga. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ojúsàájú kọ ìtàn. Ìjọba kékeré náà bá Jọ́jíà jà ní oṣù Kejìlá ọdún 1918 nítorí ààlà, ó sì bá Azerbaijan jà lórí Karabakh, Nakhichevan àti Zangezur. Àwọn ará Àméníà pẹ̀lú pa àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì lé wọn kúrò ní abúlé wọn. Ìhà kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Shushi ní oṣù Kẹta ọdún 1920 nígbà tí a sun àdúgbò àwọn ará Àméníà tí a sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjà tí a kò parí nígbà náà ni ó tún bẹ́ sílẹ̀ láti 1988, àti ní 2020, títí tí ó fi di pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 àwọn ará Àméníà tí ó lé ní 100,000 sá kúrò ní Karabakh láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ní Paris, níbi ìpàdé àlàáfíà, ikọ̀ méjì ni ó lọ fún Àméníà: Avetis Aharonian fún ìjọba Yerevan, Boghos Nubar Pasha fún àwọn ti ilẹ̀ Súlítánì. Wọ́n jùmọ̀ béèrè ilẹ̀ tí ó nà láti òkun Dúdú dé òkun Mẹditaréníà. Ní ojú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà, nítorí àwọn tí ì bá gbé inú ilẹ̀ náà ti wà nínú ibojì, àwọn tí ó kù kò sì lè ṣọ́ ìdajì rẹ̀. Àwọn alágbára kò sì kọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ni wọ́n ń wí. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí yóò dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lọ sílé, ti Faransé kò fẹ́ ju Síríà lọ. Wọ́n wá ní kí Amẹ́ríkà gba ìṣàbójútó Àméníà. Ààrẹ Wilson fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀gbà ti kọlù ú láti oṣù Kẹwàá ọdún 1919, Ilé Aṣòfin Àgbà sì kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1920 pẹ̀lú ìbò 52 sí 23.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Sèvres. Nínú rẹ̀, Tọ́kì gbà pé orílẹ̀-èdè olómìnira ni Àméníà, a sì ní kí Wilson fa ààlà. Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ-ogun kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ankara, Mustafa Kemal ti dá ìjọba mìíràn sílẹ̀ tí kò ka ìwé Sèvres sí. Ó bá àwọn Bolshevik ní Mọ́skò rẹ́, wọ́n sì ń fi wúrà àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí i. Báyìí ni Àméníà bọ́ sáàárín wọn bí ata láàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ.

Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920, Ọ̀gágun Kazim Karabekir gbé ogun dé. Sarikamish ṣubú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, Kars ṣubú, ìlú olódi tí gbogbo ayé gbàgbọ́ pé a kò lè tètè gbà. Wákàtí díẹ̀ péré ni! Àwọn ọmọ-ogun tí ó jà bí kìnnìún ní Sardarapat ní ọdún méjì ṣáájú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yin ìbọn. Kí ni ó fà á? Àárẹ̀ ogun ọdún mẹ́fà, ebi, ìròyìn pé àwọn alágbára ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àwọn Bolshevik tí ń wí fún wọn pé arákùnrin wọn ni ẹni tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, Karabekir wọ Alexandropol.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, Wilson fọwọ́ sí máàpù tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó fi apá púpọ̀ nínú Erzurum, Van, Bitlis àti Trebizond fún Àméníà, pẹ̀lú ọ̀nà sí òkun Dúdú. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Kars ti ṣubú. Ní ọjọ́ 29, àwọn Ọmọ-ogun Pupa wọlé láti ìhà Azerbaijan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ìjọba Simon Vratsian, tí kò tí ì lo ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, fi àṣẹ lé àwọn Bolshevik lọ́wọ́. Ní òru ọjọ́ náà, ní Alexandropol, Alexander Khatisian fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Karabekir, pé Àméníà ti yọwọ́ nínú ìwé Sèvres. Ìjọba tí ó fi í ránṣẹ́ kò sí mọ́ nígbà tí ó ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn kan bú ọkùnrin náà títí ó fi kú. Àwọn mìíràn wí pé ó fẹ́ dá ẹsẹ̀ Karabekir dúró kí ó má baà wọ Yerevan. Ta ni nínú wa tí yóò gbà láti jókòó sórí àga rẹ̀ ní òru yẹn?

Wọn kò tí ì sinmi. Ìjọba Bolshevik fi ìkà bẹ̀rẹ̀, ó ń gba ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń sọ àwọn ọmọ-ogun àtijọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1921, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n gba Yerevan, wọ́n sì dì í mú títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Ní òkè Zangezur, Garegin Nzhdeh jà títí di oṣù Keje. Òpìtàn púpọ̀ gbà pé ìjà rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ìgbèríko náà wà lára Àméníà títí di òní.

Ìwé àdéhùn Kars, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1921, ni ó fi ìdí ààlà múlẹ̀. Nínú rẹ̀ ni òkè Ararati ti bọ́ sọ́wọ́ Tọ́kì. Nígbà tí àwọn alágbára sì tún bá Tọ́kì ṣe àdéhùn ní Lausanne ní 1923 dípò ti Sèvres, orúkọ Àméníà kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Àwọn tí ó kù tú ká sí Síríà, Lẹ́bánónì, Gíríìsì, Faransé àti Amẹ́ríkà. Ní 1922 nìkan, Near East Relief kó ọmọ òrukàn bíi 22,000 jáde kúrò ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní Aleppo, obìnrin ará Denmark kan, Karen Jeppe, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àwọn obìnrin àti ọmọdé tí a ti mú lẹ́rú tàbí fi ṣe aya lọ́ràn-anyàn nínú àwọn àgọ́ aṣálẹ̀. Ó lé ní 1,000 tí ó rí gbà padà. Fridtjof Nansen ti Norway ṣètò ìwé ìrìnnà fún àwọn tí kò ní ìlú mọ́, a sì fi fún àwọn ará Àméníà láti 1924. Ìrìn àwọn kan dé ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá. Ní ọdún 1924 yẹn kan náà, Ras Tafari ti Etiópíà, ẹni tí ó di Ọba Haile Selassie, rí àwọn ọmọ òrukàn ará Àméníà ní Jerúsálẹ́mù, ó sì mú ogójì nínú wọn lọ sí Addis Ababa láti máa fun fèrè idẹ fún un. Kevork Nalbandian, ará Àméníà tí ó jẹ́ olùkọ́ wọn, ni ó ṣe ohùn orin ìyìn ilẹ̀ Etiópíà tí a lò títí di ọdún 1974.

Ọdún 1991 ni Àméníà tún di olómìnira, lẹ́yìn ìbò tí wọ́n dì ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án. Àsíá ọdún 1918 ni wọ́n tún ta.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, mo pe ọmọdékùnrin náà síwájú kíláàsì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdáhùn mi, mo sì fi òkè náà hàn án nínú máàpù, níhà Tọ́kì. Mo fi àmì ìjọba Àméníà hàn án pẹ̀lú, tí Ararati wà ní àárín rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Nóà lórí. Ó wò ó títí, ó ní, "Sà, ṣé ó tọ́ kí ènìyàn ya òkè tí kì í ṣe tirẹ̀ sára àmì rẹ̀?" Mo sọ ìtàn kan fún un tí wọ́n máa ń sọ, bóyá òótọ́ ni tàbí àwàdà: pé nígbà ìjọba Soviet, àwọn Tọ́kì bínú nítorí àmì náà, wọ́n béèrè irú ìbéèrè yìí gan-an, a sì dá wọn lóhùn pé oṣù wà lára àsíá Tọ́kì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ rí pé oṣù wà ní ilẹ̀ Tọ́kì. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wo máàpù.